Bí Ọrùn Idẹ Ṣe Lè Máa Di Ọta Mú Bákan Náà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Tún Katiríìjì Ráífù Kì

Àbúrò kan tí a jọ máa ń lọ sí pápá ìyìnbọn níbí ní Texas pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo pè yín lálẹ́. Mo ti ra búṣìn 0.336, mo ra 0.335, mo tún ra 0.334. Ọta mi ṣì ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára páálí ní 600 yáàdì. Èwo ni kí n tún rà?" Mo ní kó má tíì ra nǹkan kan. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti yin àwọn idẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ó ṣa àwọn kan nílẹ̀ ní pápá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní àwọn kan, ó sì ra ìyókù ní tuntun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Búṣìn ni òrùka irin tó ń wà nínú dáì, irinṣẹ́ tó ń fún idẹ padà sí ìwọ̀n; búṣìn ló ń fún ọrùn pọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní íǹṣì, kò sọ bí ọrùn yóò ṣe di ọta mú. Idẹ fúnra rẹ̀ ló ń di ọta mú: bó ṣe le tó, bó ṣe nípọn tó, àti bí inú ọrùn ṣe ń yọ̀ tàbí ṣe ń há. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra láti orí idẹ kan dé òmíràn, búṣìn tó bá sún mọ́ ìwọ̀n yóò ṣe é. Bí wọn ò bá jọra, kò sí búṣìn tí owó lè rà tó máa tún un ṣe. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un láti àlẹ́ ọjọ́ yẹn wá ni mo kọ síbí.

Kí a lè gbọ́ ara wa yé: nígbà tí mo bá ní "idẹ", ìkarahun tó ń kù lẹ́yìn tí ìbọn bá dún ni mò ń sọ, torí idẹ náà ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní ìdí, ó ní ara, ó ní èjìká, ó ní ọrùn, ó sì ní ẹnu. Ọta ni èyí tó ń fò lọ. Ẹ̀tù ni èyí tó ń jó láti ti ọta jáde, práímà sì ni ìdérí kékeré ní ìdí idẹ tó ń tan ẹ̀tù. Gbogbo wọn pa pọ̀ ni katiríìjì. Ìdìmú ọrùn ni agbára tí ọrùn fi di ọta mú kí ìbọn tó dún.

Òfin àti ààbò

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki katiríìjì fún ìlò ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa tà á ló gbọ́dọ̀ gbàwé. Àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú ní òfin tiwọn, pàápàá lórí bí ẹ̀tù ṣe máa wà nínú ilé, nítorí náà ẹ wádìí ti àdúgbò yín. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta ìbọn nílé rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti ilé, ẹ kà á fún ìmọ̀, ẹ má gbé e ṣe níbẹ̀.

N kò ní dárúkọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù yín tẹ̀ jáde ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì yí ìdìmú ọrùn padà, agbára inú ìbọn lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ dín ẹ̀tù kù, kí ẹ tún un gùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, torí òjé wà nínú práímà àti nínú ọ̀pọ̀ ọta.

Kí ló ń di ọta mú gan-an?

Màá fi .308 Winchester, irú katiríìjì ráífù kan, ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń ki jù lọ. Láti 1952 ló ti wà lọ́jà, àwọn ohun èlò rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọta rẹ̀ fẹ̀ ní 0.308 íǹṣì. Bí inú ọrùn bá jẹ́ 0.306 kí ọta tó wọlé, ìyàtọ̀ 0.002 íǹṣì ló wà láàárín wọn, ìyẹn bíi 0.05 mìlímítà. Ọta á ti ọrùn ṣí nígbà tó bá ń wọlé, idẹ á fẹ́ padà sí ibi tó wà, kò ní rí àyè padà. Bó ṣe ń fẹ́ padà yẹn ni ìdìmú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí 0.002 bá dára, 0.005 á dára jù ú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Idẹ ní ibi tí nínà rẹ̀ dé. Bó bá kọjá bíi 0.003, idẹ á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ọta fúnra rẹ̀ ló máa di ohun tó ń la ọrùn. Ìdìmú kò ní pọ̀ tó bí nọ́ńbà ṣe pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara ọta á bó, ó sì lè wọlé ní wíwọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń ṣe ìlù dùndún á ti rí i pé wọn kì í kàn fa ọ̀ṣán títí tó fi fẹ́ já. Wọ́n ń fà á kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba yí ojú ìlù ká, torí ọ̀ṣán kan tó dẹ̀ láàárín àwọn tó le ti tó láti ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí à ń wá nínú idẹ wa náà nìyẹn.

Kí ló fà á tó fi ṣe pàtàkì? Nígbà tí práímà bá tan ẹ̀tù, ẹ̀tù nílò ìdènà díẹ̀ kó lè jó dáadáa. Ọta tó tètè yọ kúrò lọ́rùn àti èyí tó pẹ́ kó tó yọ kì í jáde pẹ̀lú eré kan náà. Ní 100 yáàdì, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ní 600 yáàdì, irú èyí tí wọ́n ń yìn ní Camp Perry ní Ohio, èyí tí eré rẹ̀ kéré á wọlé nísàlẹ̀, èyí tó yá á wọlé lókè, àmì yín á gùn lóròó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń fẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ tàbí ìka yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya idẹ sọ́tọ̀

Ẹ kó idẹ 50 tàbí 100 jọ, tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà, tí iye ìgbà tí wọ́n ti yìn wọ́n sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ kó wọn sínú àpótí kan, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ rà á, ìyìn mélòó, ìgbà tó fojú kan iná kẹ́yìn (ìgbésẹ̀ kẹta). Láti ọjọ́ náà, agbo ilé kan ni wọ́n. Ẹ yin gbogbo wọn tán kí ẹ tó tún èyíkéyìí nínú wọn kì.

Èmi náà ti jìyà èyí. Ọjọ́ ìdíje kan, idẹ bíi mẹ́wàá tí mo ti yìn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ti dà pọ̀ mọ́ àwọn tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò sì mọ̀. Inú mi bàjẹ́ sí ìbọn, mo bínú sí afẹ́fẹ́, mo tún fẹ̀sùn kan ẹ̀tù. Ìgbà tí mo délé tí mo to òfìfo idẹ sórí tábìlì ni mo rí i pé àmì ìdí wọn kò jọra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi péńì kun ìdí idẹ, agbo kan àwọ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́ jù

Lẹ́yìn ìyìn, èérí dúdú díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọrùn. Ẹ má kórìíra rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ọta yọ̀ wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá ha á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí èyí tó pọ̀ jù kúrò, kí ó sì kù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iye ìgbà tí ẹ bá ha ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ha gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń fi omi, ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ irin kéékèèké fọ idẹ máa ń rí i kó tàn bí wúrà. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọrùn á gbẹ hánhán, ọta á máa há bó ṣe ń wọlé, abẹ́rẹ́ náà sì máa ń lu ẹnu idẹ. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀nà yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn dípò èérí náà nígbà tó bá yá. Èmi ń lo ẹ̀rọ tó ń mì, mo sì ń da ìrẹsì gbígbẹ sínú rẹ̀. Àwọn tó ń dije lọ́nà jíjìn mélòó kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ń pa epo àti ìdọ̀tí ara idẹ rẹ́ láìbọ́ inú ọrùn níhòhò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdọ́gba ti ń bẹ̀rẹ̀. Idẹ katiríìjì jẹ́ àdàlù bàbà àti síńkì, bàbà bíi 70 nínú 100, síńkì 30. Wàhálà tó ń bá ọrùn pọ̀: ìbọn dún, ó fẹ̀, dáì fún un pọ̀, mándírẹ́lì (ọ̀pá irin tí à ń tì bọ inú ọrùn) là á, ọta wọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ń mú un le sí i, bí wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn títí tó fi kán. Idẹ tó ti le ń sún padà ju èyí tó rọ̀ lọ, nítorí náà dáì kan náà á fún yín ní inú ọrùn tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ ní ìyìn kẹta àti ní ìyìn kẹfà. Iná ló ń dá idẹ padà sí rírọ̀.

Ẹ̀rọ oníná mànàmáná wà tó ń ṣe é ní àṣepé, tí ẹ bá lówó rẹ̀. Bí kò bá sí, tọ́ọ̀ṣì gáàsì ṣe é. Ẹ yọ práímà òkú kúrò ṣáájú. Idẹ tí práímà rẹ̀ kò tíì dún kò gbọdọ̀ dé itòsí iná, ẹ̀tù kò sì gbọdọ̀ sí nínú yàrá náà. Ẹ gbé idẹ sínú ohun tó lè máa yí, kí orí iná kan ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, kí ẹ máa yí i kí ooru lè yí i ká.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ọ̀dà kan wà tó ń yọ́ nígbà tí ooru bá dé 750°F, nǹkan bí 400°C. Ẹ kùn ún sínú ọrùn idẹ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fi dánwò. Ẹ kun èyí tó ń yọ́ ní 450°F, bíi 230°C, sí ara idẹ nísàlẹ̀ èjìká. Ti inú ọrùn gbọ́dọ̀ yọ́, ti ara kò gbọdọ̀ yọ́. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà, díẹ̀ ni, kí ẹ sì fi iye náà ṣe gbogbo ìyókù. Bí ẹ kò bá ní ọ̀dà, ẹ pa iná yàrá. Ní kété tí ọrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ yọ ọ́. Bó bá pọ́n yòò, ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ooru kò gbọdọ̀ dé ìdí idẹ. Agbára inú ìbọn tí wọ́n gbà fún .308 lè gòkè dé 62,000 psi (pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), ìdí idẹ ló sì ń dí ìyẹn mọ́ ojú yín. Ìdí tó bá ti rọ̀ lè ya. Idẹ tó bá gbóná dé ìdí, ẹ fi pílíà tẹ̀ ẹ́ pa kí ẹnì kankan má bàa mú un lò, kí ẹ jù ú nù.

Ẹni tó bá ti rí alágbẹ̀dẹ tó ti àdá gbígbóná bọ omi lè rò pé idẹ náà á le bí a bá jù ú sómi. Irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kàn ń tù ú ni, ẹ sì máa ní iṣẹ́ gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lórí àwo irin. Mo sì ń ṣe é lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyìn méjì tàbí mẹ́ta. Tèmi rọrùn láti rántí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dáì àti búṣìn

Ẹ ki katiríìjì àfihàn kan tí kò ní ẹ̀tù, tí kò ní práímà, ọta nìkan. Ẹ fi máíkírómítà wọn ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi mélòó kan. Ká ní ó jẹ́ 0.338. Ìyẹn ni pé ògiri ọrùn nípọn ní 0.015 lápá méjèèjì. Bí ẹ kò bá ní lo mándírẹ́lì lẹ́yìn dáì, ẹ yọ 0.002 tàbí 0.003 kúrò. Bí ẹ bá máa lò ó, bí mo ṣe gbà yín nímọ̀ràn, ẹ yọ tó 0.004: búṣìn 0.334. Ìdí tí 0.334 tí àbúrò mi rà kò fi ṣòfò nìyẹn.

Ẹ yọ bọ́ọ̀lù tó wà lórí ọ̀pá inú dáì kúrò. Ó máa ń fa ọrùn sókè nígbà tó bá ń jáde, ó lè fà á gùn, ó sì lè fà á wọ́. Ẹ tẹ búṣìn sáyè rẹ̀, kí ẹ dẹ ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kó lè rí àyè mì, kó lè wá àárín ọrùn fúnra rẹ̀.

Ẹ fi epo díẹ̀ pa ara idẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má yára fà á jáde. Ẹ ka ọ̀kan sí márùn-ún níbi tó ga jù, kí idẹ fara mọ́ búṣìn. Fún ìbọn tí à ń fi ọwọ́ ṣí, ẹ ti èjìká sẹ́yìn ní 0.001 sí 0.002 péré sí ibi tó wà nígbà tó jáde látinú ìbọn yín. Bí ọrùn tó ti yìn bá tóbi ju búṣìn lọ púpọ̀, bí ó ṣe sábà máa ń rí nínú ìbọn ilé ìtajà, ẹ fi búṣìn tó tóbi díẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, kí 0.334 wá parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè pátápátá máa ń fún ọrùn pọ̀ kọjá ìwọ̀n tó wà lára búṣìn, ó sì ń wọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: mándírẹ́lì

Kò sí ọrùn tí ògiri rẹ̀ dọ́gba yíká. Búṣìn ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ̀yìn á rí roboto, gbogbo ìwúlé-wúlé ògiri á sì lọ sínú, níbi tí ọta máa wọ̀. Mándírẹ́lì, ọ̀pá irin roboto tó ń wọ ọrùn láti òkè, á ti gbogbo ìwúlé náà padà sẹ́yìn. Inú á wá di èyí tó roboto, inú ló sì ń fara kan ọta. Ó yà mí lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ bí ohun èlò tí kò wọ́n tó báyìí ṣe lè ṣe iṣẹ́ tó báyìí.

Fún .308, mo ń lo èyí tó fẹ̀ ní 0.306. Ọrùn á sún padà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde, ìdìmú á wà ní bíi 0.002 sí 0.0025. Ẹ fi gíráfáìtì lúbúlúbú (ohun dúdú inú pẹ́ńsù, kì í ṣe òjé) tàbí epo fẹ́lẹ́ pa inú ọrùn kí ó tó wọlé, ìwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́ẹ́, ẹ fà á jáde jẹ́ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ má fi kálípà wọn inú ọrùn

Ẹnu kálípà tẹ́jú, inú ọrùn roboto, wọn ò lè bá ara wọn mu. Ẹ ra píìnì irin tí wọ́n gé ní ìwọ̀n, tó ń fi 0.001 ju ara wọn lọ. Bí 0.305 bá wọlé ní ìrọ̀rùn tí 0.306 sì kọ̀, ẹ ti mọ ibi tí inú ọrùn wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo idẹ, kì í pẹ́. Èyí tí kò bá ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ yà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Píìnì tún máa ń fi nǹkan kan hàn yín. Bó bá wọlé dáadáa títí dé ìsàlẹ̀ ọrùn, tó wá dúró gbọ̀n-ọ́n níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, òrùka idẹ kan ti yọ síbẹ̀. Ìyìn púpọ̀ ló ń tì í jọ. Bí ìdí ọta yín bá dé ibẹ̀, ìdìmú á yàtọ̀ láti idẹ kan sí òmíràn láìka gbogbo làálàá yín sí. Ẹ fi irinṣẹ́ gé e kúrò tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọta dúró lókè rẹ̀.

Ní ti gígé ẹ̀yìn ọrùn kí ògiri rẹ̀ lè dọ́gba, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ra idẹ tó dára, tí ògiri ọrùn kò yàtọ̀ ju bíi 0.001 lọ, mándírẹ́lì ti tó fún ọ̀pọ̀ wa.

Ìgbésẹ̀ keje: gígùn àti ẹnu

Ọrùn tó gùn di ibi tó pọ̀ jù mú lára ọta. Nítorí náà gígùn idẹ jẹ́ ara ìdìmú. Ti .308 kò gbọdọ̀ kọjá 2.015 íǹṣì, ìwọ̀n tí wọ́n ń gé e sí ni 2.005. Ẹ gé gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fá inú ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ọta lè yọ̀ wọlé, ẹ fá ìta rẹ̀ kí ó má há. Ẹ má fá a títí tó fi mú bí abẹ. Bí ẹ bá ń rí ìfọ́ bàbà pupa lára ọta lẹ́yìn tó wọlé, ẹnu idẹ kò tíì dán tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sọ̀rọ̀

Bàbá mi ọdẹ ni. Nígbà tó bá ń ki ṣakabùlà, kì í wo ohunkóhun. Á fi ọ̀pá gún ẹ̀tù, á dúró díẹ̀, á tún gún un, ọwọ́ rẹ̀ á sì sọ fún un pé ó tó. Mo ti rò pé àṣà lásán ni, títí tí èmi náà fi jókòó sídìí préèsì, ẹ̀rọ tí à ń fi tẹ ọta wọlé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọta sínú ọrùn.

Ẹ fi gíráfáìtì lúbúlúbú pa inú ọrùn, pàápàá bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ gbé ọta sí i, kí ẹ tì í wọlé pẹ̀lú eré kan náà, láìjágbà á. Ẹ fiyè sí ọwọ́ yín. Èyí tó wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó le tí ẹ ní láti tẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó ń wọlé ní fífà àti dídúró, ìyẹn ti gbẹ nínú, ẹ yà á sọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo fi ń mú ìbọn gbóná kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Préèsì kékeré tí à ń fọwọ́ tẹ̀ wà tí wọ́n fi aago ìwọ̀n sí lórí, tó ń fi agbára tí ọta gbà wọlé hàn. Ó dára gan-an. Ẹ kàn má fi nọ́ńbà yín wé ti ẹlòmíràn, torí ọta, epo àti idẹ yín kò bá tiwọn mu. Bí nọ́ńbà yín ṣe súnmọ́ ara wọn láàárín agbo kan ni kí ẹ máa wò.

Ọta tó bá jókòó sínú ọrùn fún oṣù púpọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Fún ìdíje, mo ń ki tèmi ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bí ó bá di dandan kí n tètè kì í, mo ń fi ọta sílẹ̀ kí ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, èmi á wá tì í dé ibi tó yẹ nígbà tí ìdíje bá ku ọjọ́ kan. Títì kékeré yẹn ń já ohun tó lẹ̀ mọ́ra.

Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀

Fún ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ki ara rẹ̀ láti inú àpótí ọta, ìdìmú tó fúyẹ́ léwu. Bí orí ọta bá gbá irin nígbà tó ń wọ inú ìbọn, ó lè wọ inú idẹ lọ, àyè ẹ̀tù á kéré, agbára á gòkè lójijì. Ẹ jẹ́ kí ìdìmú súnmọ́ 0.003. Ẹ ki katiríìjì àfihàn tí kò ní ẹ̀tù tí kò sì ní práímà, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìbọn gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti kúrú, kò dì í mú tó.

Ìdánwò

Ẹ ki katiríìjì 30 láti inú agbo kan: 15 pẹ̀lú mándírẹ́lì kan, 15 pẹ̀lú èkejì tó fi 0.001 yàtọ̀. Ẹ̀tù kan náà, ọta kan náà, gígùn kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹ má yí nǹkan méjì padà pọ̀. Ẹ yin ọ̀kan níbí, ẹ yin ọ̀kan lọ́hùn-ún, ní ìpàrọ̀, kí ìgbóná ìbọn má bàa ṣe ojúsàájú. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ wo bí eré wọn ṣe tú ká tó, ẹ sì gbé páálí sí 600 yáàdì bí pápá yín bá gbà á. Ọta mẹ́ta tàbí márùn-ún kéré jù, wọ́n lè tàn yín jẹ.

Àbúrò mi ti dé orí èyí báyìí. Ó ṣa idẹ rẹ̀ sí agbo mẹ́ta, ó kó àwọn tó ṣa nílẹ̀ sínú garawa kan fún àwọn tó ń ra idẹ àlòkù, ó sì fi iná rọ ìyókù lábẹ́ ojú mi ní gáréèjì mi. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa gbé 30 àkọ́kọ́ lọ sí pápá.